Ọwọ́ Òsì Dósẹ́ntì Majerčák

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè fi odidi ọjọ́ mẹ́ta ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tajà, tí kò sì ta abẹ́rẹ́ kan rí láyé rẹ̀, ẹ wá sí ìlú wa lẹ́bàá odò Váh, kí ẹ béèrè Ctibor Majerčák. Ẹ má gbàgbé láti fi oyè ṣáájú orúkọ o. Dósẹ́ntì ni wọ́n ń pè é, oyè tó kù díẹ̀ kó di ti ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó bá sì ṣèèṣì pè é ní ọ̀gbẹ́ni lásán, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni yóò dúró sí títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro ó. Pátákó tó wà lára ilẹ̀kùn náà gùn gbọọrọ: oyè méjì ṣáájú orúkọ, oyè kan lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ fúnra rẹ̀ wá há sáàárín bí ẹran tín-ín-rín tí wọ́n fi búrẹ́dì nípọn méjì dì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ẹ̀kọ́ òwò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, lẹ́tà ọ́fíìsì, àti bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ìlú wa títí dé ẹsẹ̀ òkè Tatra, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò kan tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí. Ohun tó ń dun èèyàn gan-an nìyẹn. Ká ní òmùgọ̀ kan ṣoṣo ni, ìlú ì bá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tó ń kọ́ olùkọ́, òmùgọ̀ tó ń bímọ ni.

Kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní abúlé wọn, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó máa ń rùn ti kẹrosíìnì àti kábéèjì kíkan. Lọ́jọ́ kan tí Ctibor wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ ní kó dúró nídìí káńtà, òun fẹ́ lọ gba ẹrù lẹ́yìnkùlé. Obìnrin kan wọlé wá ra iyọ̀. Ctibor rí i, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì ká gúlútú sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun títí obìnrin náà fi pòṣé, tó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ gbá a létí. Ó yẹ kí ẹnì kan ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé olùkọ́ ẹ̀kọ́ òwò ni ọmọ yìí máa dà. Ẹni tí ẹ̀rù oníbàárà ń bà, ibo ni yóò sá sí bí kò ṣe iwájú pátákó ìkọ̀wé?

Nígbà ayé àwọn Kọ́múníìsì, ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìjọba ló ń pinnu iye bàtà tí a máa wọ̀ àti iye ọ̀bẹ tí a máa fi gé búrẹ́dì; oníbàárà a tò sórí ìlà, a gba ohun tó bá kù, a sì dúpẹ́. Ctibor kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì aláwọ̀ ìyeyè, ó kó wọn sínú àpótí, inú àpótí náà ló ti ń kọ́ni. Ìgbà tó wá di oṣù kọkànlá ọdún 1989, tí gbogbo ìlú jáde sí gbàgede, tí a ń mi kọ́kọ́rọ́ sókè pé kí àwọn aláṣẹ máa lọ sílé wọn, Ctibor kò jáde. Ó jókòó sílé ti síṣọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n bá kọ “ètò ìjọba” sí, ó lẹ bébà pélébé mọ́ ọn, ó kọ “ọjà” sí i. Níbi tí wọ́n bá kọ “òṣìṣẹ́” sí, ó kọ “oníbàárà”. Nígbà tí yìnyín máa fi yọ́, ó ti di ògbógi nínú ìpolówó ọjà. Káàdì kan ṣoṣo ló gbàgbé. Ó kà á ketekete níwájú kíláàsì pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùtajà rere ní ni láti dúró ṣinṣin ti Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n ń gbádùn ẹ̀kọ́ náà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe káàdì ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni.

Ní ilẹ̀ wa, kò sí olùkọ́ tí wọn kì í wá wò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àlejò á wá, wọ́n á tò sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, wọ́n á máa wò bóyá àwọn ọmọ ń nawọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gbàwé ẹ̀rí olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ni lójú wọn lẹ́ẹ̀kan. Dósẹ́ntì wá ní òfin kan tó ń fi sọ́kàn gbogbo ẹni tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: gbogbo ọmọ ni kó nawọ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn, kó na ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó na ọwọ́ òsì. Olùkọ́ kò ní pe ọwọ́ òsì láéláé. Àlejò á wọlé, á rí ọwọ́ tó kún kíláàsì bí igbó, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀kọ́ náà yè kooro, á sì lọ mu kọfí. Irọ́ kan ṣoṣo yìí ló ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di olùkọ́, tó sọ àwọn mìíràn di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí i bí ìtìjú. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Dósẹ́ntì ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Nínú ẹ̀ka rẹ̀ ní yunifásítì nìkan ló ti ń jẹ́ èèyàn. Bó bá ti jáde síta, ó tán. Ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, “ẹni tó kàn” ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń dùn ún wọra.

Ní òpin ìgbà òtútù, díìnì yunifásítì náà rán sí i. Drahomíra Pavúková ni orúkọ díìnì yìí, ọmọ ẹ̀yìn Dósẹ́ntì lòun náà. Obìnrin tó mọ̀wé ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ara ẹni là, ṣùgbọ́n bó bá ti fojú kan Dósẹ́ntì, ńṣe ló máa ń jókòó ṣinṣin bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

“Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀,” ló wí. “Àwọn tó ń wọlé sí ẹ̀ka yín lọ́dún yìí ò kún bẹ́ǹṣì kan. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní Bratislava ní tí a ò bá rí oníṣòwò gidi kan tó máa fọwọ́ sí i pé òun á máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ́dọ̀, kó sì máa ràn wá lọ́wọ́, oṣù kẹfà ni wọ́n máa ti ẹ̀ka náà pa.”

“Pa kẹ̀? Ẹ̀ka tèmi?”

“Ẹ̀ka tiyín, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹnì kan. Vojtech Slamka.”

“Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tó ni ilé ìlagẹdú lókè odò.”

Dósẹ́ntì yínmú. “Agégi.”

“Agégi tó ń sanwó oṣù fún ìdajì ìlú yìí ni, ọ̀gá. Ó lóun fẹ́ kọ́kọ́ wá wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín kan kọ́ni lójú ẹ̀. Tó bá wù ú, ó máa fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.”

“Drahomíra, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, ọ̀gá.”

“Ó tán nìyẹn.”

Ẹni tó fẹ́ kọ́ni lọ́jọ́ náà ni Radka Šoltésová, ọmọbìnrin gíga kan láti Orava, tí kì í purọ́ tí wọn kò bá kọ́kọ́ kọ irọ́ náà sílẹ̀ fún un. Dósẹ́ntì kọ ohun gbogbo sílẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òwò tó fẹ́ kọ́ náà ní ilé-iṣẹ́ ìdánrawò kan, bí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ òwò wa ṣe ń ní: ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọjà, tí kò lówó, tó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìdánrawò ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí àwọn náà kò ní nǹkan kan. Oyin ni tiwọn ń tà. Ìgò òfìfo ni wọ́n tò sórí tábìlì, wọ́n lẹ àwòrán kòkòrò oyin mọ́ ọn lára. Oníbàárà kan á wọlé, á béèrè oyin, ọmọ kan á dá a lóhùn, gbogbo kíláàsì á pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣe ìdánrawò rẹ̀ títí tí àwọn ọmọ náà fi ń sọ ọ́ lójú oorun.

“Ọ̀gá,” ni Radka wí lọ́jọ́ kan, “tí oníbàárà bá wá béèrè ohun tí a ò kọ sílẹ̀ ńkọ́?”

“Oníbàárà kì í béèrè ohun tí a ò kọ sílẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n ní ọjà, wọ́n máa ń—”

“Ṣé ọjà la wà ni? Kíláàsì la wà.”

Ẹni tó fẹ́ ṣe oníbàárà náà ni Emil Ondruš, àgbà òṣèré kan tó ti fẹ̀yìn tì. Dósẹ́ntì kò rí i rí. Orí fóònù ló ti bá a sọ ọ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ìgò ọtí slivovica kan, Dósẹ́ntì sì fi í rán Radka sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ ìlú ní ọ̀rọ̀ owó: ó san owó iṣẹ́ ṣáájú iṣẹ́, ó sì fi ọtí san án fún ọ̀mùtí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ pàtàkì náà mọ́, Ondruš ń hanrun, kò sì sí ohun tó lè jí i.

Díìnì Pavúková ti dúró sí ẹnu géètì iwájú ilé-ẹ̀kọ́ náà láti àárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti iyọ̀ lórí àwo, àwọn ọmọbìnrin méjì wọ aṣọ ìbílẹ̀ dúró tì í, kí wọ́n lè kí Slamka káàbọ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n kí ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n Slamka kì í gba iwájú wọ ibì kankan. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ń rìn, ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù lè dúró sí, ẹ̀yìnkùlé ni. Ó gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú igi kún èjìká rẹ̀. Ó gun àkàsọ̀ lọ sókè, ó sì yọjú sí kíláàsì tí wọ́n lẹ àwòrán kòkòrò oyin mọ́.

Dósẹ́ntì gbójú sókè. Ó rí jákẹ́ẹ̀tì, ó rí bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì tún rí nǹkan mìíràn mọ́.

“O pẹ́,” ló wí.

“Mo rò pé mo tètè dé ni,” ni Slamka dáhùn. “Orúkọ mi ni—”

“Mo mọ orúkọ ẹ. Orúkọ ẹ kọ́ ni wọ́n máa wò, bí o ṣe ń ra nǹkan ni wọ́n máa wò. Bọ́ bàtà ẹ.”

“Bàtà mi?”

“Ilé-ẹ̀kọ́ nìyí, kì í ṣe ilé ẹṣin. Sílípáàsì wà nínú àpótí yẹn.”

Slamka wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá láti wo ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún un, ó dà bíi pé wọ́n ti fẹ́ máa ṣí i hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀. Sílípáàsì ẹsẹ̀ méjì péré ló kù nínú àpótí, ti ọmọbìnrin ni, wọ́n ní etí ehoro lórí. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n, gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọọrọ.

“Ó dáa. Jáde, kí o tún wọlé bí oníbàárà.”

Slamka jáde, ó tún wọlé, ó sì lọ tààrà sídìí tábìlì lọ wo àwọn ìgò.

“Rárá, rárá! Ta ló kọ́ ẹ níyẹn? Oníbàárà máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ni, lẹ́yìn náà ló máa ń wo ọjà.”

“Èmi máa ń kọ́kọ́ wo ọjà ni.”

“Ìdí nìyẹn tí o fi wà bí o ṣe wà.”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀,” ni Slamka wí.

“Mú ọwọ́ wá. Áà! Ọwọ́ ẹ ti le jù. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ kì í fún ọwọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀. Ṣé o tiẹ̀ ti ra nǹkan tó nítumọ̀ rí láyé ẹ?”

“Mo ra igbó kan lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

“Ẹ̀fẹ̀ òṣèré. Fìyẹn sílẹ̀ sí ilé eré.” Dósẹ́ntì mi orí, ó pòṣé. “Mẹ́rin ni máàkì tí mo fún ẹ. Ọ̀kan ló dára jù lọ níbí, márùn-ún ni ìkùnà. Dúró síta títí a ó fi pè ẹ́. Ohun tí a kọ ni kí o sọ o: ‘Ẹ káàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ oyin.’ Má fi nǹkan kan kún un.”

Ibẹ̀ ni Radka ti wọlé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ó rí ọkùnrin náà tó ń jáde lọ pẹ̀lú etí ehoro lẹ́sẹ̀, ó sì dúró sójú kan.

“Ọ̀gá, ẹni yìí kọ́ ni Ondruš. Mo rí Ondruš lánàá, ó ti darúgbó, ó—”

“Ondruš ló rán an wá nìyẹn. Radka, má kó ìyàlẹ́nu bá mi lónìí. Kọ déètì sójú pátákó.”

Radka kọ déètì sójú pátákó. Ẹ má bínú sí i jù, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ṣe nìyẹn.

Àwọn àlejò wọlé, olùkọ́ mẹ́ta, ọmọ ẹ̀yìn Dósẹ́ntì ni gbogbo wọn, wọ́n tò sẹ́yìn. Wọ́n ya àga kan tó dára jù sọ́tọ̀ fún oníṣòwò ńlá tí díìnì fẹ́ mú wá. Nígbà tí wọ́n dúró títí tí kò dé, Dósẹ́ntì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé agégi kò lè mọ aago. Radka béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọwọ́ ya lọ sókè, kò ku ẹnì kan. Ó pe ọmọbìnrin kan tó na ọwọ́ ọ̀tún, ó dáhùn bí omi. Ó pe ọmọkùnrin kan tó na ọwọ́ ọ̀tún, òun náà dáhùn bí omi. Àwọn àlejò ń kọ̀wé. Dósẹ́ntì jókòó, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, bí ẹni pé òun ló dá àwọn ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe oníbàárà.

“Ẹ káàárọ̀,” ni Slamka wí. “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ oyin.”

Nela ló wà nídìí tábìlì, ọmọbìnrin onírun kúkurú kan tó ti há gbogbo rẹ̀ sórí. “Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Oyin wa, orí òkè gíga ló ti wá. Ìgò mélòó ni ká dì fún yín?”

Slamka gbé ìgò kan. Ó ṣí i. Ó fi ìka sí i, ó yọ ìka náà, ó wò ó.

“Ọmọ mi, kò sí oyin nínú ẹ̀.”

Nela wo Radka. Radka wo Dósẹ́ntì. Ètè Dósẹ́ntì ń mì, ó ń pe ọ̀rọ̀ tó kàn.

“Ẹ ṣeun tí ẹ yan oyin tiwa,” ni Nela wí, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́.

Slamka dúró kí àtẹ́wọ́ náà tán. Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ. “Ó dáa. Ta ló lè sọ ìdí tó fi yẹ kí n ra ìgò òfìfo?”

Ìbéèrè ni, wọ́n sì ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí ìbéèrè. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè.

“Ìwọ tó o wà nítòsí fèrèsé.”

Ọmọ náà dìde, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, kò sì sọ nǹkan kan.

“Ìwọ tó o wà lẹ́yìn ẹ̀.”

Ìyẹn náà dìde. Kò sí ọ̀rọ̀.

“Ìwọ. Àti ìwọ náà. O nawọ́ àbí o ò nawọ́?”

“Mo nawọ́, ọ̀gá.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

Wọ́n ti ń pe àwọn ọwọ́ tí wọn kì í pè. Àánú ló ṣe Nela, ó sún mọ́ ọkùnrin náà, ó sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àmọ́ gbogbo ilé gbọ́ ọ. “Ọwọ́ òsì ni wọ́n nà, ọ̀gá. Àwọn tí ò mọ̀ ló ń na òsì. Ọ̀tún lẹ máa pè.”

“Mélòó ló na ọ̀tún fún ìbéèrè tèmi?”

Nela yí ojú ká kíláàsì. “Kò sí, ọ̀gá.”

Slamka wá yíjú sí Radka. “Olùkọ́, ìwọ ńkọ́? Sọ ohun kan fún mi tí wọn ò kọ fún ẹ.”

Radka la ẹnu. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Dósẹ́ntì, bóyá ó máa rí ìdáhùn kà níbẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

Dósẹ́ntì ti fò dìde. “Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti ya wèrè ni? Kò sí èyí nínú ohun tí a kọ! Ondruš á gbọ́ tẹnu mi!”

“Ta ni Ondruš?” ni Slamka béèrè.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí, tí díìnì wọlé pẹ̀lú àwo búrẹ́dì àti iyọ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ọ̀gá Slamka! Gbogbo géètì la ti wá yín dé!” Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ẹsẹ̀ Slamka, ó sì rí àwọn etí ehoro náà.

Àwọn olùkọ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn pa ìwé wọn dé. Dósẹ́ntì sáré fa àga tó dára jù náà síwájú. Ká ní ó bẹ̀bẹ̀ lásìkò yìí, ká ní ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, mo rò pé Slamka ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ dùn lójijì bí oyin tí kò sí nínú ìgò.

“Ẹ... ẹ jókòó, ọ̀gá wa. Ẹ mà ṣe oníbàárà yẹn dáadáa o! Mo ti tún máàkì yín wò. Ọ̀kan ni. Ọ̀kan tó pegedé.”

“Mẹ́rin ti di ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú yìí?” ni Slamka wí. “Ọjà yín mà ń dínwó kíákíá o.”

Ó jókòó lórí àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ó bọ́ sílípáàsì, ó wọ bàtà rẹ̀, ó so okùn méjèèjì dáadáa láìkánjú. “Ní ilé ìlagẹdú mi,” ló wí nígbà tó dìde, “ẹni tó bá na ọwọ́ síbi tí kò mọ̀, ayùn ló máa ń dá a lóhùn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ fẹ́ kó wọn wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú irú ọwọ́ yìí?”

Ó bu búrẹ́dì lórí àwo díìnì, ó fi kan iyọ̀, ó jẹ ẹ́. “Èyí jẹ́ ojúlówó,” ló sọ fún obìnrin náà, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ bó ṣe gbà wá.

Ẹni tó bá rò pé Dósẹ́ntì kọ́ ọgbọ́n kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó mú káàdì tuntun, ó kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé “Àpẹẹrẹ oníbàárà burúkú”, ó sì fi kọ́ kíláàsì. Ó ní ọkùnrin kan wà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rajà, tó kọ́kọ́ wo ọjà kó tó kí èèyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé wọn, Radka wà lára wọn. Gbogbo ìlú ti gbọ́ nípa sílípáàsì elétí ehoro, wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ní ilé ọtí. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, díìnì pe gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka náà jọ. Ọkùnrin kan ti wá láti Bratislava, ẹni jẹ́jẹ́ kan tó gbé báàgì sórí orúnkún, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kó tó gba ìwé ìtìpa ẹ̀ka náà tí díìnì máa fọwọ́ sí. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá ní ọgbọ́n kan tó ṣe é gbọ́, òun á gbé e délé, wọ́n á sì sún ìtìpa náà síwájú ọdún kan. Ó sọ ọ́ tinútinú.

Díìnì dìde. Ó wò wọ́n yíká tábìlì, gbogbo wọn ni Dósẹ́ntì kọ́, títí dé orí òun fúnra rẹ̀. “Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí,” ló sọ. “Ta ló mọ ohun tí a lè ṣe kí ẹ̀ka yìí má bàa kú?”

Dósẹ́ntì ronú. Ó wá inú orí rẹ̀ kiri bí ó ṣe máa ń wá inú àpótí káàdì, ó ṣí èyí, ó ṣí ìyẹn. Ó rántí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, ó rántí “ẹni tó kàn”. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ orí rẹ̀ pé kó mú nǹkan kan jáde, ohunkóhun. Kò sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti béèrè ìbéèrè, apá rẹ̀ sì ti lọ sókè kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀, ó nà tààrà, òun ló kọ́kọ́ nà. Gbogbo àwọn tó kù nawọ́ tẹ̀ lé e. Kò ku ẹnì kan nídìí tábìlì náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí lókè.

Ojú ọkùnrin Bratislava tàn. “Irú ìtara wo nìyí!” ló wí.

Díìnì wo àwọn ọwọ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa wò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òpin tábìlì, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi dé orí ọ̀gá rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Òsì ni. Òsì ni gbogbo wọn.

“Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀,” ló wí jẹ́jẹ́, ó sì na ọwọ́ mú bírò.

“Àbí ẹ ò ní pe ẹnì kan ni?” ni àlejò náà béèrè.

“Mo ti gbọ́ gbogbo wọn, ọ̀gá,” ni díìnì dáhùn, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà.